Orúkọ Tó Sọnù Lára Èèpo Igi

Bí wọ́n bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí ìyàwó mi ń ṣe ní Dallas, ìdáhùn mẹ́ta ni mo ní, ó wà lọ́wọ́ bí sùúrù ẹni tó ń béèrè bá ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń kánjú, mo máa ń sọ fún un pé yunifásítì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó díẹ̀, màá ní ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹni tó bá fara balẹ̀ dáadáa, tó gba omi tútù mu nílé mi, òun nìkan ni mo ń sọ òótọ́ ibẹ̀ fún: Salimot ń ka èèpo igi. Èèpo igi tí àwọn ará Íńdíà kọ̀wé sí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ẹgbẹ̀rin sẹ́yìn, tó ti gbẹ, tó ti ya, tó ti rún bí èèpo ẹ̀pà, òun ni ìyàwó mi máa ń tò pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí á máa ka ohun tó wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí á sì máa dà á kọ kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i kà.

Èmi Wàhídì kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ọ̀gá ni mí lórí àwọn tó ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Lancaster, páálí ni mo sì mọ̀. Mo tètè sọ èyí kí ẹ má bàa máa retí pé màá ṣàlàyé èdè àwọn ará Íńdíà fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní Oak Cliff ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní fo ibi tí èmi fúnra mi ti ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí Salimot. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run forí jìn ín, ní ilé kéwú kan lẹ́yìn ilé wọn, ibẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí, láàárín wàláà àti tàdáwà. Ìyá rẹ̀ ń hun aṣọ òkè, kò kàwé, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe òun ní yẹ̀yẹ́. Salimot ka ìmọ̀ èdè ní Ìbàdàn kí ó tó wá bá mi níbí ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kò sì tíì padà sílé láti ìgbà náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Ní ọdún kejì, oyún Jameelah ló wà nínú rẹ̀, dókítà ní kò gbọdọ̀ wọkọ̀ òfurufú, oṣù yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ sì kú. Lójú fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe sìnkú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àrùn gbogbo ayé ti pápákọ̀ òfurufú pa, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ìyẹn iṣẹ́. Ọdọọdún la máa ń sọ pé ọdún yìí la ó lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí nígbà tó dé ni ti ilé ìkàwé yunifásítì kan. Wọ́n ní kó máa fún àwòrán ní nọ́ńbà, àwòrán èèpo igi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Èèpo náà gan-an wà láàárín dígí ní ìlú mìíràn, nítorí bí èèyàn bá mí sí i lásán, ó lè di lúúlúú. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbí. Wọn ò ní kí Salimot kà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó bi ọ̀gá rẹ̀ pé ṣé apá ọ̀tún ni ẹni tó kọ ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀gá náà ní báwo ló ṣe mọ̀. Salimot ní òun rí ibi tí tàdáwà ti pọ̀ àti ibi tó ti ń gbẹ lọ, pé ọmọ tó bá ti fi kálámù kọ wàláà rí, á mọ ibi tí ọwọ́ gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yẹn ti fà á mọ́ra, tó sì ń kọ́ ọ ní èdè náà. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Jessica ni ọ̀gá yìí ń jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, ó ju ìyá mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ Jessica lásán ni gbogbo wọn ń pè é, ìyàwó mi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lórí fóònù, díẹ̀ ló kù kí n gba fóònù náà lọ́wọ́ Salimot kí n sì bá a tọrọ àforíjì.

Òfin méjì ni Jessica kì í fi ṣeré. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ihò. Ibi tí lẹ́tà bá ti jẹ, àmì ìròpọ̀ ni wọ́n ń fi síbẹ̀, ọ̀kan fún lẹ́tà kan, kí ẹni tó ń kàwé lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí tí kò sí mọ́. Ìwọ ì báà mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ bí ẹni mowó, àmì ìròpọ̀ ni. Ìkejì ni pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ ka ewé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn abala èèpo kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn títí àwọn méjèèjì á fi kọ tiwọn sílẹ̀. Jessica ní bí etí bá ti gbọ́, ojú á rí i dandan, kódà bí kò bá sí níbẹ̀. Èmi rò pé ìwà ọlọ́pàá ni wọ́n ń hù sí ara wọn nígbà náà, mo sì fi Salimot rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n kan ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé kan. Àwọn akọ̀wé ayé ìgbà náà, bí wọ́n bá parí ìwé, wọ́n máa ń kọ gbólóhùn kan sí ìdí rẹ̀ láti ya èrè iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́, bí àwa náà ṣe máa ń ka Kùránì tí a ó sì ní kí láádá rẹ̀ lọ bá òkú wa. Gbólóhùn ti ìwé yìí hàn kedere títí dé ibi orúkọ: "Mo parí ìwé yìí. Kí èrè rẹ̀ jẹ́ ti..." Ibẹ̀ ni èèpo náà ti ya. Ihò ló wà níbẹ̀, èérún kékeré kan sì wà láàárín ihò náà, tí kò ju èékánná ọmọ ìka lọ. Salimot mú kí àwòrán náà tóbi, ó tóbi títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára èérún náà. Ìyá.

Ó pariwo. Obìnrin tó bí Jameelah láìké, ó pariwo nínú ilé ìkàwé. Jessica wà lórí àga kejì, kò tíì fojú kan ewé náà rárá. "Ìyá ẹ̀ ni!" ni Salimot ń wí fún un, "ìyá ẹ̀ ló kọ ọ́ fún!" Jessica sáré wá, ó wò ó, òun náà rí ìyá. Inú wọn dùn, wọ́n ra kéèkì. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rántí òfin kejì.

Ní àkókò yẹn, ìyá Salimot ń ṣàìsàn ní Ìsẹ́yìn. Ó ti ṣubú lẹ́yìnkùlé, egungun ìbàdí rẹ̀ dá, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ibùsùn. Ó ní kí wọ́n má dààmú òun mọ́, òun ti ṣetán. Àǹtí Rùqáyyàh, ẹ̀gbọ́n Salimot tó ń tọ́jú ìyá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́nà tí èèyàn ń gbà sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá fẹ́ kí ìròyìn bá ẹni lójijì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì kéèkì yẹn ni Salimot pè wọ́n, nígbà tí kò mọ ohun mìíràn tó lè sọ, ó sọ ti èèpo igi.

"Ọmọ ta ni?" ni ìyá béèrè.

"A ò mọ orúkọ ẹ̀, Màmá. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún."

"Ó sì rántí ìyá ẹ̀." Màmá tún béèrè: "Ṣé ìyá ẹ̀ wà nítòsí ni, àbí ó jìnnà sí i?"

"A ò mọ̀, Màmá."

"Ó jìnnà. Bí kò bá jìnnà, á fẹnu sọ ọ́ fún un."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó. Kí oṣù tó parí, kò sí ẹni tó wọ inú yàrá yẹn tí wọn kò sọ ìtàn náà fún, yálà nọ́ọ̀sì ni o, lémọ́ọ̀mù ni o, ọmọbìnrin tó ń ta omi ni o. Wọ́n á ní ọmọ kan wà nígbà láéláé, ó jìnnà sílé, ó jókòó ó kọ̀wé, ó ní kí èrè rẹ̀ jẹ́ ti ìyá òun, Salimot òun ló sì rí i. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, ó wá ń dà bíi pé Salimot fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́kàn wọn. Ọmọ wọn tó lọ tí kò yọjú mọ́, tí kò sí níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe níbi tó wà, ó sì ń ya èrè rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Gbólóhùn yẹn ló gbé ìyá ìyàwó mi dìde, mi ò rí ohun mìíràn tí mo lè tọ́ka sí.

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, ìwé tí Jessica àti Salimot ń kọ lórí àwọn èèpo náà parí. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé, orúkọ ìyàwó mi yóò sì wà níwájú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ti ń múra ẹnu sílẹ̀ de àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Ìgbà náà ni àwọn tí èèpo náà wà lọ́dọ̀ wọn yí dígí rẹ̀ padà, wọ́n sì ya àwòrán ẹ̀yìn àwọn ewé náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo èèyàn ló gbà pé kò sí nǹkan kan ní ẹ̀yìn ewé tó kẹ́yìn yẹn. Salimot kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ lè pé ni.

Àárọ̀ Satidé ni. Mo ń din dòdò.

"Bàbá Jameelah," ó pè mí láti orí tábìlì, ohùn rẹ̀ kò dùn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Mo lọ. Ẹ̀yìn ewé náà mọ́ lóló, kò sí tàdáwà kankan lára rẹ̀, àfi ibì kan ṣoṣo. Èérún kékeré àárín ihò yẹn, ìkọ̀wé wà lẹ́yìn rẹ̀ fọnrán méjì.

"Kí nìyẹn wá túmọ̀ sí?" ni mo béèrè.

"Gbogbo ewé yìí, iwájú nìkan ni wọ́n kọ. Èérún yìí, wọ́n kọ iwájú, wọ́n kọ ẹ̀yìn. Kì í ṣe ara ewé yìí. Ewé mìíràn ló ti já. Nígbà tí wọ́n ń tú èèpo yẹn láyé àtijọ́, ló bá fò, ló bá balẹ̀ sínú ihò yìí, ó sì fit ibẹ̀ bíi pé wọ́n wọ̀n ọ́n."

Kò pẹ́ rárá, ó ti rí ewé tí èérún náà ti já. Ewé kan tí wọ́n ti ń to àwọn tó yẹ kí èèyàn bọ̀wọ̀ fún: bàbá, àyè tó ṣófo kan, ẹ̀gbọ́n, olùkọ́. Ó gbé èérún náà síbẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, iwájú bá iwájú mu, ẹ̀yìn bá ẹ̀yìn mu, àní àwọn ìlà tín-ín-rín tó máa ń wà lára èèpo igi so pọ̀ mọ́ra. Ìyá lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá ẹni tó kọ̀wé. Ní ìdí ìwé tó kẹ́yìn, ihò lásán ló kù.

Ìyá Ìsẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, kí n má parọ́. "Ta ló tún ti rí i?" ni mo bi í.

"Èmi nìkan. Ẹ̀yin náà."

"Ó dáa. Pa computer yẹn dé."

Ó wò mí.

"Salimot, pa á dé! Ta ló máa mọ̀? Ẹni tó kọ ọ́ ti kú, ìyá ẹ̀ ti kú, àwọn tó sin wọ́n ti kú. Ìyá tìẹ ló wà láàyè. Ṣé o fẹ́ lọ bá obìnrin yẹn, kó o wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó gbé e dìde, kò sí níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ pa ìyá ẹ ni?"

Mo mọ̀ pé mo ti sọ àsọjù bí mo ṣe sọ ọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sókè. "Ọkùnrin tẹ́ ẹ fún ní warning lóṣù tó kọjá," ó ní, "kí ló ṣe?"

"Kí ló kan ìyẹn?"

"Kí ló ṣe?"

"Ó gbé páálí sí àyè tí kì í ṣe tiẹ̀."

"Ṣé kò wọ ibẹ̀ ni?"

Ó wọ ibẹ̀ rẹ́gí, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí á tètè rí i. Gbogbo àwa tó ń kọjá lójoojúmọ́ la rò pé ibẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi wá a kiri, èmi ni mo sì kígbe mọ́ ọkùnrin náà lójú gbogbo èèyàn.

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Dòdò ti jóná. Inú ń bí mi sí ìyàwó mi, inú ń bí mi sí èérún èèpo tí kò tó èékánná.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó wọ reluwé lọ bá Jessica. Ó ní Jessica wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún wo iwájú. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí n tó wò ó. Èmi ló yẹ kí n dá ọ lẹ́kun, ṣùgbọ́n inú èmi náà dùn." Ó ní àwọn á tún ibẹ̀ ṣe, pé kò pọn dandan kí àwọn dárúkọ ẹnikẹ́ni. Salimot fàáké kọ́rí. Ó fi àmì ìròpọ̀ mẹ́ta sí àyè náà, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ewé pé òun, ó dárúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, lòun kọ́kọ́ ka ibẹ̀ sí ìyá, pé òun ti ṣi í kà, ó sì kọ ibi tí èérún náà ti wá gan-an. Bí ìwé náà yóò ṣe jáde nìyẹn, pẹ̀lú àṣìṣe ìyàwó mi nínú rẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Mo ní ó ti tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó parí sínú ìwé, ta ló ń ka ìsàlẹ̀ ewé ní Ìsẹ́yìn? Ó ní, "Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, kì í ṣe irọ́. Láti Satidé ló ti di irọ́. Bí mo bá tún gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún èèyàn tí mo sì dákẹ́, èmi ni mò ń pa irọ́ náà." Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbé fóònù tó ń gbé e sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ó pè wọ́n, ó sì sọ ọ́.

Màmá tẹ́tí gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Kì í ṣe ìyá ẹ̀?"

"Ó lè jẹ́ ìyá ẹ̀, Màmá. A ò mọ̀ ni. Ibẹ̀ ti jẹ."

"Ó ti jẹ," ni Màmá wí. A rí i lójú fóònù bí wọ́n ṣe na fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́, àjà ilé la sì ń wò lẹ́yìn náà, títí Àǹtí Rùqáyyàh fi gbé e jáde síta.

Àǹtí Rùqáyyàh kò fi bò rárá. "Salimot, kí ló ṣe ọ́? Ta ló bi ọ́? Èmi ni mo gbé obìnrin yìí lọ sí ilé ìwẹ̀ fóṣù mẹ́ta. Èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. Ìwọ jókòó sí America, ò ń fi èèpo igi gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀!"

"Ẹ máa bínú, Àǹtí mi," ni Salimot ń wí. "Ẹ máa bínú."

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Màmá kò gba fóònù. Bí Salimot bá pè láàárọ̀ tiwa, ọ̀sán tiwọn, Àǹtí Rùqáyyàh á ní wọ́n ń sùn, wọ́n ń kírun, àlejò wà lọ́dọ̀ wọn. Oúnjẹ, ó ní wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìtàn ọkùnrin tó kọ̀wé yẹn, wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Salimot ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé bí ohunkóhun bá ṣe ìyá yẹn lọ́sẹ̀ náà, ìyàwó mi kò tún ní jókòó níwájú èèpo igi kankan láyé mọ́, á sì máa wò mí ní gbogbo ìgbà bí ẹni tó kìlọ̀ fún òun tí òun kò gbọ́. Mi ò fẹ́ jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jàre irú èyí rárá.

Ọjọ́ kẹwàá bọ́ sí Sunday. Salimot ń fọ ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún láti Ìsẹ́yìn. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un, mo gbé e sórí tábìlì. Kì í ṣe Àǹtí Rùqáyyàh. Màmá ni, kò sí "ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ yẹn", kò sí "ṣé àlàáfíà ni".

"Salimot, kà á fún mi."

"Kí ni, Màmá?"

"Ohun tí ọkùnrin yẹn kọ. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kó o kà á. Má fi tìẹ kún un."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Kò lọ gbé kọ̀ǹpútà, ó mọ̀ ọ́n lórí. Ó kọ́kọ́ kà á ní èdè àwọn tó ni ín, mo rí i pé Màmá sún etí mọ́ fóònù. Lẹ́yìn náà ló kà á ní Yorùbá: "Mo parí ìwé yìí. Kí èrè rẹ̀ jẹ́ ti..."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí adìyẹ ń ké lẹ́yìnkùlé wọn.

"Ibẹ̀ ló ti jẹ?"

"Ibẹ̀ ni, Màmá."

"Tún un kà. Bó o bá débẹ̀, dúró, kó pẹ́ díẹ̀."

Salimot tún un kà. "Mo parí ìwé yìí. Kí èrè rẹ̀ jẹ́ ti..."

"Àwẹ̀ró," ni Màmá wí.

Èmi àti Salimot wo ara wa. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fẹ́ ọmọ wọn, mi ò gbọ́ orúkọ náà rí.

"Ta ni Àwẹ̀ró, Màmá?"

"Ìyá tó bí mi." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kùmásì ni mo wà nígbà tó kú. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mò ń ta aṣọ. Wọ́n ti ṣe ogójì ọjọ́ ẹ̀ tán kí ẹni tó mú ìròyìn wá tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò rí sàréè ẹ̀, wọ́n ti kọ́lé sórí ibẹ̀ kí n tó padà. Nígbà tó o sọ fún mi pé ọkùnrin yẹn ya ti ìyá ẹ̀ sọ́tọ̀, mo ní, ó dáa, ẹnì kan ṣe é. Nígbà tó o tún wá ní kò sí níbẹ̀ mọ́, inú bí mi. Mo dùbúlẹ̀, mò ń wo ibi tẹ́ ẹ ní ó ti jẹ yẹn. Mo wá ní, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo ń dúró dè láti ọjọ́ yìí? Ṣé èmi ò lẹ́nu ni?"

Salimot ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èmi náà kò mọ ibi tí mo lè wò.

"Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ síwèé yín o," ni Màmá wí. "Ọkùnrin yẹn kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Mi ò ní kọ ọ́, Màmá," ni Salimot wí, ó ń sunkún.